Arínúróde àti Fóònù Akọ, Fóònù Abo

Ẹ dìde ná, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí. Bí ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ bá wà ní tòsí ni, kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni wà ní ìjókòó nígbà tí wọ́n bá ń dárúkọ òun. Ó dáa, ẹ jókòó padà. Kò sí ní tòsí mọ́, kò sì yẹ kí ẹsẹ̀ ro yín nítorí ẹni tí wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀gá ọjà ni ní ilé-iṣẹ́ kan tí ń ṣe fóònù. Ọ̀gá ọjà kì í ṣe fóònù, kì í tún un ṣe, kì í sì í tà á. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa sọ fún àwọn tó ń ṣe é àti àwọn tó ń tà á pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é kọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ ńlá ni. Ọkùnrin wa mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni, ó sì ti wá ikùn tó tóbi tó iṣẹ́ náà gbé síwájú.

Ní ọdún kan, ó ṣèèṣì ní kí wọ́n kun fóònù kan ní búlúù, fóònù náà sì tà wàràwàrà. Àwọn kan ní torí pé kò wọ́n ni. Ọ̀gá ní rárá o, àwọ̀ ni. Láti ìgbà náà ló ti gbà pé òun mọ ohun tó wà nínú gbogbo ènìyàn, pàápàá jù lọ obìnrin, àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì sọ ọ́ ní Arínúróde. Ẹ̀yin náà mọ Ẹni tí à ń pè bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá náà mọ̀. Ó kàn ní kí wọ́n má pariwo rẹ̀ jù ní ọjọ́ ìsìn ni, kí ó má baà dà bí ìfigagbága.

Láràárọ̀, igbákejì rẹ̀, tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ń pè ní Bẹ́ẹ̀ni-Sà, á ti dúró sí ẹnu géètì láti wo táì tí ọ̀gá so. Bó bá ti rí i, á sáré gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn lọ sọ fún àwọn yòókù. Nígbà tí ọ̀gá bá fi máa mí gúlegúle dé òkè, ìyìn ti ṣe tán.

"Háà, ọ̀gá, táì aláwọ̀ ewé yìí! Koríko ìta ti ń jowú!"

"Àní mo rò pé oòrùn ló ń gòkè bọ̀, àṣé táì ọ̀gá ni!"

Ẹni tó sọ ti oòrùn yìí ò gbọ́ dáadáa pé ewé ni. Ọ̀gá ò bá a jà ṣá. Ìyìn ni ìyìn ń jẹ́.

Lọ́jọ́ kan ó pe ìpàdé. Ó dìde, ó gbá ẹ̀wù rẹ̀ mú níwájú bí ẹni tí atẹ́gùn fẹ́ gbé lọ.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó ní, ó sì dákẹ́ kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. "Ó ti pẹ́ tí aráyé ti ń rìn nínú òkùnkùn. Ọkọ ń lo fóònù, aya ń lo irú rẹ̀ gan-an! Bí a bá gbé fóònù méjèèjì sórí tábìlì, ta ló lè sọ èyí tó jẹ́ akọ àti èyí tó jẹ́ abo?"

"Kò sí, sà," ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí, omijé ń gbọ̀n lójú rẹ̀. "Ìdàrúdàpọ̀ gbáà ni."

"Ó parí láti òní lọ! Kí ni ọkùnrin? Òkè ni ọkùnrin! Ọkùnrin kì í béèrè ọ̀nà. Ẹ̀yin ọkùnrin ibí, ta ló ti béèrè ọ̀nà rí nínú yín?"

Gbogbo wọn mi orí. Akápò, tó sọnù láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an tó sì bi ẹni mẹ́rin, òun ló mi tirẹ̀ jù.

"Nítorí náà, ẹ yọ máàpù tí ń júwe ọ̀nà kúrò nínú fóònù ọkùnrin. Ìwọ̀sí ni. Ọkùnrin kì í wo ojú ara rẹ̀, ẹ yọ kámẹ́rà iwájú. Ọkùnrin kì í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ẹ jẹ́ kí fóònù rẹ̀ máa bú ramúramù, kí ohùn ẹni tó bá pè é máa jáde síta gbangba, kí ó má sì ṣeé dín kù. Kí ó dúdú bí èédú, kí ó wúwo, kí bátìrì rẹ̀ máà mọ àárẹ̀. Ẹ pè é ní Kìnnìún."

Àtẹ́wọ́ sọ. Ọ̀gá wá rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá.

"Obìnrin ní tirẹ̀, òdòdó ni. Ọwọ́ rẹ̀ ò tóbi, nítorí náà kí fóònù rẹ̀ kéré, kí bátìrì rẹ̀ kéré sí i, kó má baà wúwo. Ẹ fi máàpù sí i, torí obìnrin àti ọ̀nà ò mọ ara wọn. Ọkàn rẹ̀ sì máa ń yí padà. Bó bá fẹ́ pe ènìyàn, kí fóònù kọ́kọ́ bi í bóyá ó dá a lójú. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ó tún bi í. Kí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ pínǹkì, kí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Òdòdó."

Ẹnjiníà tí yóò ṣe fóònù náà, tó jẹ́ obìnrin kan ṣoṣo nínú yàrá náà, nawọ́ sókè.

"Ọ̀gá, ṣé a ti bi obìnrin kankan?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín bí ìgbà tí ọmọdé bá béèrè ibi tí òṣùpá ń sùn.

"Arábìnrin mi, ó ti pẹ́ tí mo ti ní ìyàwó nílé."

"Ṣé ẹ wá ti bi wọ́n?"

"Kí n bi wọ́n ní kí ni? Ṣé onílé máa ń kan ilẹ̀kùn ara rẹ̀ kó tó wọlé?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kan ń lu tábìlì. Ẹnjiníà sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ni-Sà kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo obìnrin tó wà ní ìpàdé ló fara mọ́ ọn.

Kí wọ́n tó ṣe fóònù náà tán, ọ̀gá tún rí àléébù lára èdè wa. Ẹ gbà mí o, èdè tí àwọn baba ńlá wa sọ títí wọ́n fi kú, tí wọn ò mọ̀ pé ó ní àrùn! Bí a bá ní "ó dé," ta ló dé? Ọkùnrin ni àbí obìnrin? Ọ̀gá pàṣẹ pé nínú gbogbo ìwé ilé-iṣẹ́, kí wọ́n máa kọ "ó-akọ" tàbí "ó-abo." Akọ̀wé kan fẹ́ kọ ọ́ pé òjò dá iṣẹ́ dúró lánàá nítorí pé ó pọ̀, ló bá dúró síbẹ̀, ó ń họ orí. Òjò wá ńkọ́? Wọ́n pe ìpàdé lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ní akọ ni, torí ààrá. Akápò ní abo ni, torí kì í sọ ìgbà tí yóò dá. Wọ́n fà á títí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù, kí ọ̀gá tó gbé ìdájọ́ kalẹ̀: òjò tó bá ń pariwo, akọ, èyí tó bá ń rọ̀ wínníwínní, abo, kí ẹnikẹ́ni má sì kọ ohunkóhun nípa ìrì títí òun yóò fi ronú sí i.

Ẹ máa rántí pé owó oṣù ni wọ́n ń san fún wọn.

Ìyàwó ọ̀gá, Ìyá Ìbejì, ń ta irin àti sìmẹ́ńtì fún àwọn tó ń kọ́lé. Ohùn rẹ̀ nìkan tó láti mú dẹ́rẹ́bà tírélà tẹ bíréèkì. Nígbà tí fóònù jáde, ọ̀gá fi ríbọ́ọ̀nù di Òdòdó kan wálé.

"Ìyá Ìbejì, wò ó. Inú ọkàn rẹ ni mo wò kí n tó ṣe é."

"Ẹ ṣé o, Bàbá Ìbejì." Ó gbà á, ó sì fi í pe dẹ́rẹ́bà tó ń kó sìmẹ́ńtì rẹ̀ lọ. Ohùn kan tó dùn bí oyin jáde.

"Ẹ̀yin ẹlẹ́wà, ṣé ó dá yín lójú pé ẹ fẹ́ pe ẹni yìí?"

"Ta ló ń bi mí?"

"Fóònù ni," ni ọ̀gá wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ń tọ́jú rẹ ni."

Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ohùn náà ní, "Ṣé ó dá yín lójú gan-an?" Ó tún tẹ̀ ẹ́. "Ẹ̀yin ẹlẹ́wà, ẹ kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ ná."

"Dẹ́rẹ́bà ti ń já sìmẹ́ńtì mi sílé onílé, kí n mí kanlẹ̀?"

Ó gbé Òdòdó sórí tábìlì jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ẹyin ẹlẹ́yin sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ ra Kìnnìún.

"Ti ọkùnrin nìyẹn!" ọ̀gá kígbe nígbà tó rí i lọ́wọ́ rẹ̀.

"Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí? Mo ti yí i síwá sẹ́yìn, mi ò rí irùngbọ̀n lára rẹ̀. Èyí ò bi mí ní nǹkan kan, Bàbá Ìbejì, iná rẹ̀ ò sì kú láti àná."

Ọ̀gá ò sùn dáadáa. Àmọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígboro tún ju ti inú ilé lọ.

"Ṣé fóònù wa ń tà?" ó bi Bẹ́ẹ̀ni-Sà.

"Ó ń tà burúkú, sà."

"Àwọn wo ló ń rà á?"

"Ènìyàn ni, sà."

Ìdáhùn yìí ò tẹ́ ọ lọ́rùn, òǹkàwé mi? Kò tẹ́ ọ̀gá náà lọ́rùn. Ó lọ fi ojú ara rẹ̀ wo ṣọ́ọ̀bù wọn tó tóbi jù. Ìlà méjì ló bá níbẹ̀. Nínú ìlà Òdòdó, ọkùnrin ló kún fọ́fọ́: awakọ̀ takisí, àwọn tó ń fi alùpùpù gbé ẹrù kiri, àwọn tó ń wọn ilẹ̀. Nínú ìlà Kìnnìún, nọ́ọ̀sì, tíṣà, obìnrin ọlọ́jà, àwọn tí ilé ń dúró de ìpè wọn, tí wọn ò sì fẹ́ kí bátìrì kú mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ọkùnrin kan tí apá rẹ̀ tóbi bí itan ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Òdòdó rẹ̀ ni. Ọ̀gá dì í lápá mú.

"Ọ̀rẹ́, ṣé o mọ̀ pé ti obìnrin lo rà yẹn?"

"Wọ́n ní ó mọ ọ̀nà."

"Àwọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Pínǹkì ni!"

Ọkùnrin náà wo fóònù, ó wo ọ̀gá. "Ó rọrùn láti rí nínú ọkọ̀ tí mo bá jù ú sílẹ̀. Dúdú yẹn máa ń sọnù sábẹ́ ìjókòó."

Ẹ wò ó, bí ọ̀gá bá dákẹ́ níbí, ìtàn yìí ì bá ti parí sí ayọ̀. Fóònù méjèèjì ń tà. Ó kù kó kàn sọ pé bẹ́ẹ̀ gan-an lòun ṣe pète rẹ̀, gbogbo wọn ì bá sì pàtẹ́wọ́. Àmọ́ ẹni tí wọ́n bá ti pè ní Arínúróde, ó ti wọ gbèsè: kò lè ní òun ò mọ̀. Ó pàṣẹ kí ṣọ́ọ̀bù kankan má ta Òdòdó fún ọkùnrin mọ́, kí wọ́n má sì ta Kìnnìún fún obìnrin. Ó fi àwọn ẹ̀ṣọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Kí ni àwọn ènìyàn ṣe? Ọkọ mú aya lọ, ẹ̀gbọ́n mú àbúrò lọ. Ọkùnrin ra Kìnnìún, obìnrin ra Òdòdó, wọ́n jáde síta, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lójú ẹ̀ṣọ́, wọ́n sì kí ẹ̀ṣọ́ pé ó kú iṣẹ́. Àwọn tí kò rí ẹni mú dání lọ ra fóònù ilé-iṣẹ́ mìíràn.

Inú bí ọ̀gá, ó yí ìjà sí inú ilé-iṣẹ́. Ó ní kí wọ́n máa tú àpò àwọn òṣìṣẹ́ wò ní géètì. Ìgbà yẹn ni àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fi Òdòdó pamọ́ sínú ìbọ̀sẹ̀. Bí Kìnnìún bá sì bú nínú báàgì obìnrin kan, gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, títí àwọn ẹ̀ṣọ́ fi rò pé àrùn ti wọ ilé-iṣẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn onílé-iṣẹ́, àwọn tó fi owó wọn dá a sílẹ̀, pe ọ̀gá kí ó wá ṣàlàyé ọjà rẹ̀ fún wọn ní ilé ìpàdé tuntun kan, ẹ̀ṣọ́ mú ẹnì kan: Bàbá Dẹ́rẹ́bà, àgbàlagbà tó ń wa ọkọ̀ ọ̀gá fúnra rẹ̀. Òdòdó ni wọ́n bá lápò rẹ̀.

"Ìwọ!" ni ọ̀gá wí. Àgbàlagbà tó lè bí i ni o. "Nínú ọkọ̀ èmi!"

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ọ̀nà ni iṣẹ́ mi. Wọ́n ń la títì tuntun lójoojúmọ́, mi ò lè fi orí mọ gbogbo rẹ̀."

"Ọkùnrin kì í béèrè ọ̀nà!"

"Ẹ̀yin ni ẹ kì í béèrè, ọ̀gá. Èmi ni mo máa ń bá yín béèrè."

Ẹ̀ṣọ́ kan rẹ́rìn-ín, ó sì sọ ọ́ di ikọ́. Ọ̀gá na ọwọ́ síta fún kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

"Máa lọ sílé. Má padà wá."

Bàbá Dẹ́rẹ́bà fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. "Ilé ìpàdé tuntun yẹn jìnnà díẹ̀ o, ọ̀gá. Ẹ ṣọ́ra ní orítamẹ́ta." Ó gbé àpò oúnjẹ rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀gá wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ní orítamẹ́ta, ó yà sí apá ọ̀tún, torí apá ọ̀tún ló dà bí ọ̀nà ọlọ́lá. Ó rìn títí ó fi dé ibi tí wọ́n ń kó táyà àtijọ́ jọ sí. Ó padà. Ó yà sí òsì. Ó tún bá ara rẹ̀ níbi àwọn táyà. Àwọn tó wà níbẹ̀ ti ń juwọ́ sí i bí ará ilé. Kìnnìún bú lórí ìjókòó, ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ gọ́tà.

"Sà, wọ́n ti jókòó," ohùn Bẹ́ẹ̀ni-Sà gba gbogbo ọkọ̀ kan. "Níbo lẹ dé?"

"Mo ti dé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀."

"Ẹ̀gbẹ́ wo, sà?"

"Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ní!"

Òógùn ti bo ojú rẹ̀, táì ti wọ́. Níkẹyìn ó rí obìnrin kan tó ń dúró de ọkọ̀ lẹ́bàá títì, Kìnnìún lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó sọ gíláàsì ọkọ̀ kalẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà... ilé ìpàdé tuntun... kì í ṣe pé mo sọnù o."

"Ẹ má bínú, bọ̀dá, èmi náà ò mọ ìhín dáadáa. Máàpù ò sì sí nínú fóònù yìí, wọ́n ní ọ̀gá kan báyìí ló ní kí wọ́n yọ ọ́. Ẹni tó yọ ọ́ yẹn, ọ̀nà á dàrú mọ́ ọn lójú."

"Àmín," ni ọ̀gá wí, kí ó tó mọ ohun tó ń sọ.

Ọkùnrin kan tó ń fi alùpùpù gbé ẹrù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Òdòdó pínǹkì kan ń tàn yanran lórí ọwọ́ alùpùpù rẹ̀. Ó ní, "Ibẹ̀ ni mò ń gbé ẹrù lọ. Ẹ máa tẹ̀ lé mi." Kí ni ọ̀gá ìbá ṣe? Ó tẹ̀ lé e. Alùpùpù ń lọ, ohùn olóyin yẹn ń pariwo pé kí wọ́n yà sí òsì, ọ̀gá fóònù akọ sì ń yà sí òsì lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé, àwọn onílé-iṣẹ́ ti jáde sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ti ń dágbére fún ara wọn. Alága wọn dúró níwájú. Ẹ má bi mí bóyá ọkùnrin ni Alága àbí obìnrin. Bí ọ̀gá ṣe ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn, kò já mọ́ nǹkan kan.

"Ẹ̀yin ọlọ́lá," ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ó gbá ẹ̀wù mú níwájú, "ìrìn àjò ẹni ńlá—"

Kìnnìún bú lápò rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ kí ó lè dákẹ́. Ibi tí kò yẹ ló tẹ̀.

"Bàbá Ìbejì!" Ohùn tó ń dá tírélà dúró ni. "Bẹ́ẹ̀ni-Sà pè mí, ó ní ẹ ti sọnù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè ọ̀nà o! Ẹ má ṣe bíi ti ìsìnkú yẹn, tí a dé nígbà tí wọ́n ti ń tú àga, tí ẹ ní ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣìnà, pé òkú ló yá jù!"

Ọ̀gá ń wá ibi tí wọ́n ti ń dín ohùn kù. Ẹ̀yin àti èmi mọ̀ pé kò sí.

Alága dúró títí ẹ̀rín fi rọlẹ̀. "Fóònù méjèèjì ń tà," ni Alága wí. "Ìyìn la pè ọ́ fún lónìí. A wá gbọ́ pé o fi ẹ̀ṣọ́ lé àwọn oníbàárà wa padà, o sì lé òṣìṣẹ́ wa nítorí pé ó ra ọjà wa. Òótọ́ ni?"

"Alága, ọ̀rọ̀ akọ àti abo ni—"

"Mo bi ọ́ bóyá òótọ́ ni."

Ọ̀gá bojú wẹ̀yìn fún Bẹ́ẹ̀ni-Sà. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alága.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alága," ni ó wí. "Òótọ́ ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí."

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì níbẹ̀, wọ́n gba ọkọ̀, wọ́n gba Kìnnìún. Wọ́n ránṣẹ́ pe Bàbá Dẹ́rẹ́bà padà. Wọ́n ní kí Ẹnjiníà ṣe fóònù kan ṣoṣo tó ní máàpù, tó ní bátìrì tó dáa, tí kì í bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè, kí ó ní oríṣiríṣi àwọ̀, kí olúkúlùkù mú èyí tó bá wù ú. Ẹnjiníà ní òun ti ṣe é tipẹ́, pé wọn ò kàn bi òun ni.

Ọ̀gá fẹsẹ̀ rìn wọlé. Ìyá Ìbejì ò fi í ṣẹ̀sín. Ó bu omi fún un, ó bá a tú táì, ó jókòó tì í.

"Wọ́n lé mi," ó ní.

"Mo gbọ́. Ẹ jẹun ná."

Ó jẹun. Fún ọjọ́ díẹ̀, àwọn ìbejì ń rìn lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ nínú ilé. Ìgbà tó yá, Ìyá Ìbejì ní, "Ẹ lọ ra fóònù, ẹ jọ̀ọ́. Tèmi tí ẹ ń yá yìí, àwọn oníbàárà mi ti rò pé mo ti gba akọ̀wé."

Ló bá lọ tò ní ṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn gbogbo ayé, bíi gbogbo ayé. Nígbà tó kàn án, ọmọbìnrin tó ń ta fóònù gbójú sókè.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Kí lẹ fẹ́ máa fi ṣe?"

Ọ̀gá ti ń pàṣẹ lórí fóònù jálẹ̀ ayé rẹ̀, kò bi ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí.

"Mo... mo ń wá iṣẹ́," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Mo fẹ́ kí wọ́n lè rí mi pè."

"Ó dáa, sà. Èyí á ṣe yín lóore. Àwọ̀ wo lẹ fẹ́?"

Wọ́n tò ó síwájú rẹ̀: dúdú, pínǹkì, ewé, pupa, funfun. Ọ̀gá wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Ó gbé ọwọ́ lé èyí, ó tún mú ọwọ́ kúrò. Ó wo ojú àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọ̀kan," ẹnì kan wí. "Ẹsẹ̀ ń ro wá."

Ọ̀gá tẹ̀ síwájú, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Èwo lo rò pé ó yẹ mí?"

Ọmọbìnrin náà ò tilẹ̀ gbójú sókè níbi tó ti ń wá páálí.

"Mi ò mọ̀, sà. Ẹ̀yin lẹ máa lò ó."

Ó dúró síbẹ̀, ó ń ronú, ìlà ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń gùn sí i.